Ẹ kọ́kọ́ wá òkùnkùn: bí ẹ ṣe lè pe ọ̀rẹ́ wá wo fíìmù noir nílé

Ohun tó ká mi lára jù ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Tí èèyàn bá ní òun fẹ́ ṣe alẹ́ fíìmù noir nílé, ìyẹn àwọn fíìmù ọ̀daràn dúdú àti funfun tí Hollywood ṣe láyé ọjọ́un, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sáré wá ni fìlà, kóòtù gígùn, ìwé dúdú tó máa lẹ̀ mọ́ ògiri, gbogbo ẹ̀ á dára, fọ́tò á jáde, ṣùgbọ́n tí fíìmù bá wá bẹ̀rẹ̀, gílóòbù pálọ̀ ṣì ń tàn yòò lórí gbogbo èèyàn, ìdajì ohun tó wà nínú fíìmù yẹn ò sì ní hàn sí ẹnikẹ́ni. Òjìji ni wọ́n fi ṣe àwọn fíìmù yìí. Ojú èèyàn tí ìmọ́lẹ̀ mọ́ lápá kan tí apá kejì sì wọ inú òkùnkùn lọ, àtẹ̀gùn tí ẹ ò lè rí òpin ẹ̀, ọkùnrin tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó jẹ́ pé etí fìlà ẹ̀ nìkan lẹ rí. Tí iná bá bọ́ sójú tẹlifíṣàn, gbogbo dúdú yẹn á di àwọ̀ eérú, kò ní sí ohun tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀ mọ́.

Mo mọ̀ torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pe èèyàn wá, mi ò ránti iná kíṣìnì, ilẹ̀kùn kíṣìnì sì kọjú sí tẹlifíṣàn gan-an, bí fíìmù ṣe dé ibi tó le jù báyìí ni gílóòbù yẹn hàn kedere láàárín àwòrán, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi wá ń bi mí pé kí ló dé tí wọ́n ń fi yàrá òfìfo hàn wá, kò rí i rárá pé èèyàn wà nínú yàrá yẹn. Ó dùn mí gan-an, torí ibẹ̀ yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ pè wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, ìmọ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń tọ́jú, ìyókù á máa tẹ̀lé e bọ̀.

Fún ẹni tí ò tíì wò ó rí, noir, dúdú ló túmọ̀ sí lédè Faransé. Àwọn aṣelámèyítọ́ Faransé ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní 1946, Nino Frank sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, fíìmù Amẹ́ríkà ò ráyè wọ ọ̀dọ̀ wọn, ìgbà tí ogun parí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ rọ́ dé Paris lẹ́ẹ̀kan náà, The Maltese Falcon ti 1941, Double Indemnity àti Laura ti 1944, wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé nǹkan ti yí padà lọ́wọ́ àwọn ará Hollywood, ìtàn wọn ti ṣókùnkùn, àwòrán wọn náà sì ti ṣókùnkùn. Púpọ̀ nínú àwọn olùdarí fíìmù wọ̀nyí, bíi Billy Wilder, Fritz Lang àti Robert Siodmak, Jámánì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ sinimá kí wọ́n tó sá fún Hitler ní 1933, ọgbọ́n òjìji tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ni wọ́n gbé dé Amẹ́ríkà. Àìlówó náà wà níbẹ̀ o. Tí ilé tí wọ́n kọ́ fún fíìmù bá jẹ́ pákó àti ọ̀dà lásán, tí wọn ò bá ti tan iná sí i, ta ló máa mọ̀?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú fíìmù. Ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo, tó bá sì gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, kí méjèèjì kúrú, torí fíìmù yìí ń fẹ́ kéèyàn fọkàn sí i, ẹni tó bá ti ń sùn ò lè gbádùn òkùnkùn. Tí àwọn àlejò yín ò bá wo fíìmù dúdú àti funfun rí, D.O.A. ti 1950 ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Ọkùnrin kan wọ àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní òun wá fẹjọ́ sùn pé wọ́n pa èèyàn, wọ́n bi í pé ta ni wọ́n pa, ó ní òun ni. Wọ́n ti bu májèlé sínú ọtí tó mu, àkókò díẹ̀ ló kù fún un láti wá ẹni tó ṣe é kó tó kú. Kò sẹ́ni tí mo fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ fún tó tún rántí fóònù lẹ́yìn ẹ̀.

Tó bá jẹ́ méjì lẹ fẹ́, ẹ so Detour ti 1945 àti The Hitch-Hiker ti 1953 pọ̀. Ìṣẹ́jú 68 ni ti àkọ́kọ́, 71 ni ìkejì, àròpọ̀ wọn ò tó wákàtí méjì ààbọ̀, tẹ́ ẹ bá fi ìsinmi ìṣẹ́jú 15 sí i àlejò á ṣì tètè délé. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n bára wọn mu ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ láti ọ̀nà méjì, ìyẹn ni kéèyàn wà nínú mọ́tò pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀ rí. Nínú Detour, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun ni wàhálà dé bá, ẹni tó gbé e kú sójú ọ̀nà, ó sì mú mọ́tò àti orúkọ ẹ̀. Nínú The Hitch-Hiker, àwọn tó gbé èèyàn ni wọ́n kó sí i, ọkùnrin méjì tó ń lọ pẹja, wọ́n gbé apààyàn kan, ojú kan ẹ̀ kì í pa dé, tó bá dùbúlẹ̀ lálẹ́ wọn ò lè mọ̀ bóyá ó ti sùn àbí ó ń wò wọ́n. Obìnrin ló darí ìyẹn, Ida Lupino, nígbà tó jẹ́ pé àwọn obìnrin olùdarí ní Hollywood ò tó nǹkan rárá.

Àwọn mẹ́ta yìí, kò sí ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí wọn mọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Internet Archive. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ lẹ ti máa ṣọ́ra, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tó wà níta ti gbó, wọ́n ti dà á kọ láti orí ẹ̀dà dé orí ẹ̀dà títí dúdú ẹ̀ fi ṣá. Ẹ ṣí bíi mẹ́ta mẹ́rin, ẹ fò lọ síbi tí ilẹ̀ ti ṣú nínú fíìmù náà, ẹ mú èyí tí òkùnkùn ẹ̀ dúdú tí ojú èèyàn sì ṣì hàn nínú ẹ̀. Tó bá sì wà ní ẹ̀dà tí wọ́n ti fọ̀ tún ṣe tí wọ́n ń tà tàbí tí wọ́n ń háyà, owó tẹ́ ẹ ná sí i ò ní dùn yín. Ẹ̀dà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kùn láwọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ya fíìmù yẹn mọ bí gbogbo nǹkan ṣe máa rí nínú dúdú àti funfun kó tó tan iná kan.

Fún àwọn tó ti mọ̀ ọ́n wò, Double Indemnity, Out of the Past ti 1947, tàbí Touch of Evil ti 1958, tí wọ́n fi bọ́ǹbù sínú mọ́tò ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ tí kámẹ́rà sì ń tẹ̀ lé e ju ìṣẹ́jú 3 lọ láì gé e. The Big Sleep ti 1946 dára o, ṣùgbọ́n ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ fún àlejò, ìtàn ẹ̀ lọ́jú pọ̀ débi pé wọ́n á máa bi yín léèrè títí á fi parí.

Ó wá ku yàrá. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Tí kọ́tìnì yín bá fúyẹ́, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tàbí aṣọ tó nípọn bo fèrèsé, iná títì máa ń wọlé ju bẹ́ẹ̀ ṣe rò lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣe nǹkan kan fún mi: ẹ pa tẹlifíṣàn, ẹ wá jókòó sórí àga kọ̀ọ̀kan tí àlejò máa jókòó sí, ẹ wo ojú tẹlifíṣàn tó dúdú yẹn bíi dígí. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, láǹpù o, fèrèsé o, fọ́tò tó wà nínú gíláàsì lára ògiri ẹ̀yìn, ìyẹn náà ló máa hàn nígbà tí fíìmù bá dúdú. Ẹ gbé e kúrò, tàbí ẹ bò ó. Mo máa ń ṣe é láti orí àga kọ̀ọ̀kan lóòótọ́, torí ohun tí ẹni àárín ò rí, ẹni tó wà légbẹ̀ẹ́ ń rí i. Àwọn iná wẹ́wẹ́ tó wà lára décódà, ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì àti ṣájà, ẹ fi téèpù dúdú lẹ̀ wọ́n.

Kì í ṣe òkùnkùn biribiri ni mò ń sọ ṣá o. Ẹ fi láǹpù kékeré kan tí agbára ẹ̀ ò pọ̀ sẹ́yìn tẹlifíṣàn, kó máa mọ́ sára ògiri láìkọjú sí ẹnikẹ́ni, ojú ò ní tètè rẹ àwọn èèyàn. Ẹ gbé òmíràn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ kí ẹnì kankan má fẹsẹ̀ kọ, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo wáyà tó wà nílẹ̀ kúrò. Ẹ má lo àbẹ́là, nínú òkùnkùn tí èèyàn ti ń rìn kọjá, aṣọ máa ń gbá a. Kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín iná kù bíi ìdajì wákàtí kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, torí ojú èèyàn máa ń tó ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n kó tó mọ òkùnkùn wò dáadáa. Tẹ́ ẹ bá pa iná lójijì, ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù á ti lọ kí ojú wọn tó là, inú ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni wọ́n sì máa ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ pamọ́ sí.

Àwọn tó ní projector máa ń rò pé tàwọn ló dára jù. Nínú yàrá tó ṣú pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn gan-an. Ṣùgbọ́n projector ò lè tan òkùnkùn sára ògiri, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń tàn, dúdú ẹ̀ ò lè dúdú ju bí ògiri yẹn ṣe wà lọ, tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ bá wà nínú yàrá, tẹlifíṣàn lásán á lù ú.

Ẹ wá mú rìmóòtù, ẹ wọ settings, kó tó di ọjọ́ náà o, kì í ṣe ìgbà tí àlejò bá jókòó. Púpọ̀ nínú àwọn fíìmù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bíi igun mẹ́rin tó dọ́gba, wọn ò fẹ̀ bíi tẹlifíṣàn òde òní, nítorí náà dúdú á wà lápá ọ̀tún àti òsì, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fà á kó lè kún ojú tẹlifíṣàn, ó ti sọ gbogbo òṣèré di ẹni tó sanra, ẹni tó bá sì sún un mọ́lé, ó ti gé fìlà wọn dànù. Ẹ pa ohun tó ń mú kí àwòrán máa yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń pè é yàtọ̀ síra, àmọ́ ọ̀rọ̀ motion sábà máa ń wà níbẹ̀, àwòrán 24 ni wọ́n fi ń ṣe ìṣẹ́jú àáyá kan fíìmù, tí tẹlifíṣàn bá ti ń fi òmíràn kún un láàárín, á máa dà bíi eré tí wọ́n fi fóònù yà lánàá. Ẹ pa èyí tó ń gbé iná tẹlifíṣàn sókè sódò fúnra ẹ̀ náà. Níbi picture mode, ẹ yan Movie tàbí Cinema, ẹ sá fún Vivid. Lẹ́yìn náà, ẹ dá fíìmù dúró níbi tí ọkùnrin kan ti wọ kóòtù dúdú nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ máa gbé brightness sókè díẹ̀díẹ̀ títí ìṣẹ́po aṣọ ẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ẹ dá a padà díẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀.

Nípa ohùn, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ohùn inú wọn ò pín sọ́tùn-ún sósì, ibì kan ṣoṣo ló ti ń wá, torí náà ẹ pa surround, ìyẹn ohùn tó ń yí èèyàn ká, ẹ dín baàsì kù, kí ọ̀rọ̀ lè yọ. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ kíákíá, ọ̀rọ̀ àdúgbò ìgbà yẹn sì pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ tan subtitle bí gbogbo yín tiẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìmúra nìyí: ìlà fèrèsé. Ẹ mọ ìlà dúdú, ìlà funfun tó máa ń gba ojú èèyàn kọjá nínú àwọn fíìmù yìí, bíi ẹni pé irin ẹ̀wọ̀n ti ń dúró dè é. Nínú Double Indemnity, John Seitz tó ya fíìmù náà tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ eruku irin kíkúnná sínú afẹ́fẹ́ kí oòrùn tó gba fèrèsé wọlé lè dà bíi oòrùn inú ilé eléruku. Àwa ò nílò ìyẹn. Ẹ wá páálí ńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn. Ẹ fi ọ̀bẹ gé àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, kí kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, kẹ́ ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 3 sílẹ̀ láàárín wọn, ẹ má gé e dé etí kó má baà já. Ẹ gbé e dúró síwájú ògiri, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀yìn, bíi mítà 2. Ojú iná yẹn gbọ́dọ̀ kéré. Tó bá jẹ́ gílóòbù ńlá tàbí láǹpù tó ní ìbòrí, ìmọ́lẹ̀ á máa gba oríṣiríṣi ibi wọ inú àlàfo, ìlà á di kùrúkùrú. Bí páálí bá ṣe sún mọ́ ògiri tó ni ìlà ṣe máa mú tó, bó bá sì ṣe sún mọ́ tọ́ọ̀ṣì tó ni ìlà ṣe máa tóbi tó, ẹ máa sún un títí á fi wù yín. Ẹ wá dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ìlà lè gbọ̀ọ̀rọ̀ dagun, ìgbà yẹn lẹ máa rí i tí ògiri pálọ̀ tẹ́ ẹ ti ń wò látọjọ́ yìí máa di nǹkan mìíràn lójú yín.

Ara ògiri tí àlejò máa kọ́kọ́ rí tó bá wọlé ni kẹ́ ẹ tàn án sí, kí wọ́n dúró síbẹ̀ ya fọ́tò, kí fóònù wà lórí dúdú àti funfun. Tí fíìmù bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ pa á. Kò gbọ́dọ̀ bá fíìmù du ojú àwọn èèyàn.

Aṣọ ńkọ́? Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wọ ohun tó dúdú àti ohun tó funfun, kóòtù, táì, ìbọ̀wọ́ gígùn, fìlà, ohun tí wọ́n bá ti ní nílé. Kí wọ́n má dààmú lórí àwọ̀, torí nínú fọ́tò dúdú àti funfun, aṣọ pupa àti aṣọ àwọ̀ ewé lè jọra wọn pátápátá, bí aṣọ ṣe ń dán tàbí bó ṣe nípọn ló máa yọ. Lípsítíìkì tó pupa gan-an máa ń jáde bíi dúdú, ó sì máa ń dára. Sìgá pọ̀ nínú àwọn fíìmù yẹn, ẹ jẹ́ kó dúró sínú fíìmù, ẹni tó ní ikọ́ fée lè wà láàárín yín, èéfín sì máa ń ba ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣàn jẹ́.

Oúnjẹ, ohun tí ò ní pariwo ni. Gúgúrú dáa tẹ́ ẹ bá ti dà á sínú abọ́, ohun tó wà nínú ọ̀rá ni mi ò fẹ́, ohùn ọ̀rá nínú ìdákẹ́jẹ́ lè gé ọ̀rọ̀ pàtàkì lẹ́nu òṣèré. Ẹ fi ife funfun bu kọfí tàbí ohun mímu, kí ọwọ́ lè rí i nínú òkùnkùn. Kí wọ́n jẹ oúnjẹ tó lágbára tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

Èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó. Ẹ sọ aago tí fíìmù máa bẹ̀rẹ̀ fún wọn yàtọ̀ sí aago tí wọ́n máa dé, kẹ́ ẹ sì mú un ṣẹ. Kí wákàtí àkọ́kọ́ jẹ́ ti orin, ìkíni àti fọ́tò. Orin jáàsì ni gbogbo èèyàn máa ń ronú kàn, ó sì bá a mu, bó tiẹ̀ jẹ́ pé orin ẹgbẹ́ olórin ńlá ló pọ̀ nínú àwọn fíìmù náà fúnra wọn, bíi èyí tí Miklós Rózsa kọ fún Double Indemnity. Ẹ pa orin ní ìṣẹ́jú 5 ṣáájú, ẹ jẹ́ kí ilé dákẹ́, kí wọ́n kó fóònù sínú apẹ̀rẹ̀ kan.

Ẹ wá dìde, ẹ sọ̀rọ̀ ṣókí, kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 3 lọ, ẹ má sọ ìtàn fún wọn. Èmi máa ń sọ nǹkan kan ṣoṣo, pé láti 1934 ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ líle mú òfin kan ní Hollywood pé ẹni tó bá hùwà ọ̀daràn nínú fíìmù kò gbọ́dọ̀ mú un jẹ, torí náà ẹni tó kọ ìtàn mọ̀, ẹni tó ń wò ó náà ń fura, pé ọkùnrin yìí ò ní bọ́. Ohun tó kù láti wò ni bó ṣe rìn débẹ̀.

Èyí ló fà á tí mi ò fi ń ṣe eré ẹ-sọ-ẹni-tó-pa-á tí àwọn kan máa ń dá fíìmù dúró láàárín fún. Nínú Double Indemnity, ọkùnrin náà ti jẹ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí lẹ fẹ́ tún máa méfò sí? Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré àti pẹ́ńsùlù kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní ìbéèrè kan ni kí wọ́n fi sọ́kàn: níbo ló ti yẹ kí ọkùnrin inú fíìmù yìí yí padà? Kí wọ́n má kọ nǹkan kan títí á fi parí.

Tó bá parí, ẹ dúró. Ẹ má sáré tan gílóòbù, ìyẹn ló máa ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, ojú á ta èèyàn, wọ́n á dìde, wọ́n á máa wá bàtà. Ẹ jẹ́ kí fíìmù yí dé òpin pátápátá, ẹ tan láǹpù kan ṣoṣo sórí tábìlì tó wà láàárín, kí wọ́n súnmọ́ ọn láti kọ tiwọn, ẹ wá kó ìwé náà jọ, ẹ máa kà á sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan á ní ìgbà tó kan ilẹ̀kùn yẹn ni, ẹnì kan á ní ó ti pẹ́ kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹni tó dákẹ́ jù láàárín yín á wá sọ ibì kan tí gbogbo yín wò tẹ́ ẹ ò rí, ẹ óò sì rí i pé wọ́n ti ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ dá fíìmù padà síbẹ̀.